Kí Ẹ Tó Dá sí Àríyànjiyàn Náà, Ẹ Ka Ìdìpọ̀ Kẹrin: Àyẹ̀wò Ìjábọ̀ Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà ti Kánádà

Ní ọjọ́ tí àbúrò ìyàwó mi di ọmọ ìlú Kánádà, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe ètò ìbúra náà, gbogbo wa sì pagbo yí i ká nínú yàrá ìgbàlejò rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń tún ọ̀rọ̀ adájọ́ sọ ní ẹsẹẹsẹ. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ti ní kí ó búra pé òun yóò pa òfin ilẹ̀ Kánádà mọ́, títí kan òfin ìpìlẹ̀ tí ó fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ àti àdéhùn àwọn onílẹ̀, ìyẹn First Nations, Inuit àti Métis, ahọ́n rẹ̀ kọ́ díẹ̀ kí ó tó kọjá. Nígbà tí a ya fọ́tò tán, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọ́n fi dárúkọ àwọn yẹn nínú ìbúra tèmi?"

Kí n tó dáhùn, bàbá kan tí ó wà lára àwọn àlejò wa, tí ó ti pẹ́ ní ìlú náà jù wá lọ, gbà á lẹ́nu mi. Ó ní kí ọmọ náà má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí wọ́n ní wọ́n kú sí ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń fa gbogbo rẹ̀, pé irọ́ sì ni, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tíì hú egungun kan ṣoṣo jáde. Ìyá kan tí ó jókòó sí ìkángun kejì tábìlì ta kò ó, ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkú ni wọ́n bá nínú kòtò kan ṣoṣo ní Kamloops, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Wọ́n jiyàn títí oúnjẹ fi tutù. Èmi jókòó, mi ò lè gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì, nítorí pé ìwé tí ó yẹ kí a fi yanjú ọ̀rọ̀ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó tíì kà á. Mo wá lọ kà á, ó gbà mí ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, àyẹ̀wò rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ìwé náà ni ìjábọ̀ ìkẹyìn tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà ti Kánádà gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba àti àwọn ìjọ ń kó ọmọ àwọn onílẹ̀ lọ, kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn. Ìdìpọ̀ 6 ni, ṣùgbọ́n ìwé 7 ni ẹni tí ó bá wà á sórí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò bá, nítorí pé wọ́n pín ìdìpọ̀ kìíní, tí ó jẹ́ ìtàn, sí méjì: apá àkọ́kọ́ dé ọdún 1939, èkejì dé ọdún 2000. Ìdìpọ̀ kejì jẹ́ ti àwọn Inuit àti agbègbè àríwá, ìkẹta jẹ́ ti àwọn Métis, ìkẹrin jẹ́ ti àwọn ọmọ tí wọ́n sọnù àti ibojì tí kò ní àmì, ìkarùn-ún sọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fi sílẹ̀ sára àwọn ènìyàn, ìkẹfà sì jẹ́ ti ìlàjà. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, ìwé àkótán kan wà tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé jáde ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, òun ni àwọn oníròyìn sì sábà máa ń fa ọ̀rọ̀ yọ nínú rẹ̀. Ibùdó kan ní Yunifásítì Manitoba, ní ìlú Winnipeg, ni ó ń tọ́jú gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti wà á ní PDF láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìwé tí a lè fọwọ́ ṣí lè ra èyí tí McGill-Queen's tẹ̀. Orí fóònù ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, àṣìṣe tèmi sì nìyẹn, nítorí pé àwọn tábìlì inú ìdìpọ̀ kẹrin kò ṣeé kà lórí ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ kí ó tó ṣí i. Kì í ṣe pé ìjọba Kánádà ṣàdédé fi inú rere gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀. Àwọn tí wọ́n la ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí já ni wọ́n pe ìjọba àti àwọn ìjọ lẹ́jọ́ títí ọ̀rọ̀ fi di àdéhùn ní ọdún 2006, àdéhùn náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá ti gbé ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n kà sí i gba 10,000 dọ́là Kánádà fún ọdún àkọ́kọ́ àti 3,000 fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó tẹ̀ lé e. Ètò mìíràn wà lọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n fìyà jẹ tàbí tí wọ́n bá lò pọ̀ ní tipátipá. Ìgbìmọ̀ náà jẹ́ apá kan nínú àdéhùn yìí. Adájọ́ Murray Sinclair, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Anishinaabe, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀, ni alága rẹ̀, Wilton Littlechild àti Marie Wilson sì bá a ṣe é. Wọ́n yí orílẹ̀-èdè náà ká, láti Winnipeg dé Inuvik, Halifax, Saskatoon, Montreal, Vancouver àti Edmonton, wọ́n sì gba ẹ̀rí tí ó lé ní 6,750.

Ní ti bí ìwé náà ṣe dùn ún kà sí, n ò ní tan ẹnikẹ́ni. Èdè àwọn agbẹjọ́rò àti òpìtàn ni, gbólóhùn rẹ̀ tọ́, kò ní ọ̀ṣọ́, ó sì máa ń tún ara rẹ̀ sọ láti ìdìpọ̀ kan dé èkejì, débi pé ìtàn kan náà lè pàdé ẹni lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n àìní-ọ̀ṣọ́ yẹn gan-an ni mo wá fẹ́ràn nígbà tí ó yá. Nígbà tí òǹkọ̀wé bá ní nǹkan tí ó burú tó báyìí lọ́wọ́, tí ó sì fi í sílẹ̀ bí ó ti rí, òǹkàwé á rí àyè láti fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Orúkọ tí a óò máa fi pe àwọn ilé náà ní Yorùbá tilẹ̀ lè ṣi wá lọ́nà. Mo pè é ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́dìn nítorí pé inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń gbé, ṣùgbọ́n létí ọ̀pọ̀ nínú wa, ohun tí òbí ń fi owó tí ó dun ni rà fún ọmọ ni bọ́dìn, a óò sì máa ka ọjọ́ ìbẹ̀wò. Apá kìíní ìdìpọ̀ kìíní ni ó gba ojú ìwòye yẹn kúrò lọ́kàn mi pátápátá. Ní ọdún 1883, John A. Macdonald, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì ṣàlàyé láìfi bò pé bí ọmọ bá ń gbé lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ tí ó sì ń lọ sí ilé-ìwé ìtòsí, ìwà òbí rẹ̀ ni yóò jogún, nítorí náà kí wọ́n mú un jìnnà sí òbí. Ìjọba ń san owó, ìjọ ń darí: Kátólíìkì ni ó ní èyí tí ó pọ̀ jù, Áńgílíkà tẹ̀ lé e, àwọn ìjọ mìíràn sì ní tiwọn. Ní ọdún 1920, wọ́n tún òfin tí wọ́n ń pè ní Indian Act ṣe kí ìjọba lè fi dandan mú ọmọ ọdún 7 sí 15 lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, Duncan Campbell Scott tí ó ń darí ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ sì sọ fún àwọn aṣòfin pé ohun tí òun ń lépa ni kí ó má ṣẹ́ku onílẹ̀ kan tí kò tíì wọ inú ìlú Kánádà di ara wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n gba ọwọ́ wọn kọjá tó nǹkan bí 150,000. Èyí tí ó pẹ́ jù nínú wọn kò tíì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ títí di ìparí àwọn ọdún 1990, ìyẹn ni pé àwọn ẹgbẹ́ mi wà nínú àwọn tí wọ́n gbé ibẹ̀.

Ohun tí mo ń wá kò sí nínú ìdìpọ̀ kìíní, bí ó tilẹ̀ dára. Ìdìpọ̀ kẹrin ni mo ka lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé lórí rẹ̀ ni àríyànjiyàn ìdí tábìlì wa dúró lé, láìjẹ́ pé àwọn tí ń jiyàn mọ̀.

Kò tóbi púpọ̀ lójú ìwé, ṣùgbọ́n òun ni ó wúwo jù lọ́wọ́. Ní ọdún 2009, ìgbìmọ̀ náà bẹ ìjọba fún 1.5 mílíọ̀nù dọ́là láti fi wá àwọn ọmọ tí wọn kò padà délé. Ìjọba kò fún wọn. Wọ́n fi ìwọ̀nba tí ó wà lọ́wọ́ wọn ṣe é, wọ́n sì kó ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn òkú jọ. Nǹkan bí 3,200 ni iye tí wọ́n rí nígbà náà. Lẹ́yìn iye yẹn ni tábìlì kan wà tí n kò tíì gbàgbé títí di òní. Wọn kò kọ orúkọ ọmọ tí ó kú sílẹ̀ nínú ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ikú náà. Nínú ìdá 23, wọn kò kọ ọ́ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Nínú ìdá 49, wọn kò kọ ohun tí ó pa á. Kì í ṣe pé ìwé náà fi ìbínú kọ ọ́. Ó kàn tò wọ́n tẹ̀ léra, ó sì bọ́ sí ìpínrọ̀ mìíràn. Èmi ni mo dúró níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń gba owó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ iye ọmọ tí ó ní láti fi gba owó náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yẹn kú, ó di "ọmọ kan".

Ọ̀rọ̀ owó-orí-ọmọ yìí kì í ṣe ẹ̀sùn tí mo fi ọwọ́ ara mi hun. Láti ọdún 1892 ni ìjọba ti ń san iye kan fún ilé-ẹ̀kọ́ lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, iye náà kò sì tó bọ́ wọn, kò tó tún òrùlé ṣe. Ohun tí ó tẹ̀ lé e rọrùn láti mọ̀: àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń gba ọmọ tí ó ti ní ikọ́ ife lára wọlé kí iye wọn má baà dín, wọ́n sì ń kó ọmọ tí ó ń wúkọ́ àti èyí tí ara rẹ̀ dá sínú yàrá kan náà tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí. Nínú àwọn ikú tí wọ́n mọ ohun tí ó fà á, ikọ́ ife nìkan kó nǹkan bí ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó pariwo. Dókítà Peter Bryce, tí ó jẹ́ olórí àwọn oníṣègùn ní ẹ̀ka ìjọba yẹn, kọ ìjábọ̀ ní ọdún 1907 lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìwọ̀-oòrùn. Ilé-ẹ̀kọ́ 15 ni ó dá ìbéèrè rẹ̀ lóhùn, nípa ọmọ 1,537, ó sì rí i pé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti kú. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, ìyẹn File Hills ní Saskatchewan, ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ti jáde ni wọ́n ti kú. Ìjọba ka ìjábọ̀ náà, wọ́n sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1922, lẹ́yìn tí Bryce ti fẹ̀yìn tì, ó fúnra rẹ̀ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí ó pe ọ̀ràn náà ní ìwà ọ̀daràn orílẹ̀-èdè.

Ẹni tí ó bá ń sọ pé bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn, pé ikọ́ ife ń pa gbogbo ènìyàn, yóò bá ìdáhùn tirẹ̀ nínú ìdìpọ̀ kan náà. Ìgbìmọ̀ náà fi ikú àwọn ọmọ wọ̀nyí wé ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn káàkiri Kánádà. Láàárín ọdún 1941 sí 1945, ó tó nǹkan bí ìlọ́po 5. Kódà ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí oògùn ikọ́ ife ti wà, ìlọ́po méjì ni ó ṣì jẹ́.

Nígbà tí ọmọ bá kú ńkọ́? Ìlànà ìjọba ni pé wọn kì í san owó gbígbé òkú lọ sílé, àyàfi bí kíkó o lọ bá dín lówó ju sísin ín síbi tí ó wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sin wọ́n sí, lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé òbí gbọ́. Yorùbá ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ, nítorí pé ọ̀fọ̀ ní ọjọ́ tí ó ń parí, ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ nù kò mọ ọjọ́ tí yóò bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ sílẹ̀. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ṣe ni pé wọ́n sọ ọmọ tí ó kú di ọmọ tí ó nù. Bí mo bá ní láti sọ ìdìpọ̀ kẹrin ní gbólóhùn kan fún àbúrò mi, gbólóhùn náà nìyẹn.

Ó yẹ kí n wá mú bàbá àti ìyá ìdí tábìlì náà wá síbí. Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ìyẹn Tk'emlúps te Secwépemc, kéde pé ẹ̀rọ rédà tí ó ń wo abẹ́ ilẹ̀ ti fi hàn pé òkú ọmọdé 215 wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ Kamloops ti tẹ́lẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn oníròyìn kan nílé àti lókèèrè ti sọ ọ́ di kòtò kan tí wọ́n da òkú jọ sí. Àwọn onílẹ̀ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje, Sarah Beaulieu tí ó lo ẹ̀rọ náà ṣàlàyé pé ibi 200 ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibojì, àti pé àfi bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ náà ni ọwọ́ tó lè tẹ òdodo. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn bákan náà, nígbà tí àwọn Cowessess ní Saskatchewan kéde ibojì 751 tí kò ní àmì, olórí wọn Cadmus Delorme tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe kòtò òkú, itẹ́ òkú tí wọ́n ti gbé òkúta àmì rẹ̀ kúrò ni. Nítorí náà, ìyá wa ṣì í sọ, ó sì ń ran àwọn tí ó ń bá jà lọ́wọ́, nítorí pé ìgbà tí wọ́n bá ti rí i pé àsọdùn wà nínú ọ̀rọ̀ Kamloops, wọn yóò fi àsọdùn yẹn jó gbogbo ilé náà.

Ti bàbá wa tilẹ̀ burú jù. Ó rò pé orí rédà ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ìdìpọ̀ kẹrin ti wà nílẹ̀ fún ọdún márùn-ún ó lé kí ẹnikẹ́ni tó ti ẹ̀rọ kankan lórí koríko Kamloops, kò sì sí rédà nínú rẹ̀. Ìwé ìjọba ni ó fi ṣe ẹ̀rí: lẹ́tà àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ìjábọ̀ àwọn olùbẹ̀wò, àkọsílẹ̀ ikú. Ní ti Kamloops fúnra rẹ̀, orúkọ ọmọ 51 tí wọ́n kú ti wà nínú àkọsílẹ̀ ibùdó Winnipeg yẹn ní ọdún 2021. Bí wọn kò bá gbẹ́ ilẹ̀ kan títí láé, 51 náà kò ní padà jí. Bẹ́ẹ̀ ni ibùdó náà kò dúró sí 3,200. Àwọn ọmọ tí ó ti wà lórí ìwé rẹ̀ ti lé ní 4,100. Ní ọdún 2019, wọ́n kọ orúkọ 2,800 nínú wọn sára aṣọ pupa kan tí ó gùn tó ìwọ̀n mítà 50, àwọn tí wọ́n la ilé-ẹ̀kọ́ já àti ìdílé wọn sì gbé e kọjá níwájú àwọn ènìyàn.

Ìbéèrè tí bàbá yẹn ìbá béèrè, tí ó sì ní láárí, ni pé kí ló dé tí àkọsílẹ̀ náà fi ní ihò tó báyìí. Ìjábọ̀ náà dáhùn. Láàárín ọdún 1936 sí 1944, ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ ba fáìlì 200,000 jẹ́. Èyí tí ó ṣẹ́ kù pàápàá, ìgbìmọ̀ náà kò rí gbogbo rẹ̀ gbà bọ̀rọ̀. Ilé-ẹjọ́ ní Ontario ni ó pàṣẹ fún ìjọba ní oṣù Kìíní ọdún 2013 pé kí ó kó àwọn ìwé tí ó wà ní ibi ìpamọ́ ìwé orílẹ̀-èdè fún wọn. Ẹni tí ó bá ba ìwé jẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn pé ìwé dà.

Ẹ̀ka kejì tún wà nínú àríyànjiyàn yìí, ìyẹn àwọn tí wọn kì í sẹ́ pé ọmọ kú, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń sọ pé a kò sọ rere ibẹ̀. Sẹ́nétọ̀ Lynn Beyak sọ irú rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ó sì dá wàhálà tí kò lọ títí ó fi kúrò níbẹ̀ ní ọdún 2021. Ó yà mí lẹ́nu láti rí i pé ìwé náà kò sá fún ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ó kọ ẹ̀rí àwọn tí wọ́n ní tíṣà kan ṣàánú àwọn, àwọn tí wọ́n rántí eré bọ́ọ̀lù tàbí orin tí wọ́n kọ́ níbẹ̀, ó sì kọ nípa òṣìṣẹ́ tí ó wá pẹ̀lú ọkàn rere tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ó kọ pé títí di ọdún 1951, ìdajì ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń kàwé, tí wọ́n sì ń fi ìdajì yòókù ro oko, fọ aṣọ, tọ́jú màlúù, kí ilé-ẹ̀kọ́ lè rí nǹkan jẹ, àti pé wọ́n ń nà wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Èmi tí mo ń kọ àyẹ̀wò yìí ní èdè ìyá mi, ojú ìwé yẹn ni mo pẹ́ sí jù lọ nínú ìwé àkótán.

Àbùkù ìwé náà kò kéré. Ìdìpọ̀ kẹta, ti àwọn Métis, tín-ín-rín débi pé ó dà bí ẹni tí a pè síbi àsè tí a kò bù fún. Ìjábọ̀ náà kò dárúkọ àwọn tí wọ́n ṣe ibi àfi bí ilé-ẹjọ́ bá ti dá wọn lẹ́bi tẹ́lẹ̀, nítorí pé àdéhùn tí ó dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ ni ó kà á léèwọ̀ fún wọn, kò sì fún wọn ní agbára láti fi ìwé àṣẹ pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí. Òǹkàwé yóò máa rí ìyà lójú ewé gbogbo, kò ní máa rí ẹni tí ó fi jẹ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ 139 tí ó wà nínú àdéhùn ni ó gbájú mọ́. Àwọn ti Newfoundland àti Labrador kò sí nínú rẹ̀, ó di ọdún 2017 kí olórí ìjọba Justin Trudeau tó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní Happy Valley-Goose Bay, nígbà tí Stephen Harper, tí ó jẹ́ olórí ìjọba ṣáájú rẹ̀, ti tọrọ ti àwọn yòókù láti ọdún 2008. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba láàárọ̀ tí wọ́n ń padà sílé lálẹ́ náà kò sí nínú àdéhùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ ìyà kan náà.

Ọ̀rọ̀ tí ó fa ariwo jù ní ọdún 2015 ni pé ìwé àkótán náà pe ètò yìí ní ìpẹ̀yàrun àṣà. Lójú tèmi, wọ́n fi ìṣọ́ra yan ọ̀rọ̀ náà nítorí ibi tí agbára ìgbìmọ̀ wọn mọ, àwọn tí wọ́n wá lẹ́yìn wọn sì ti yọ "àṣà" kúrò: Póòpù Francis pè é ní ìpẹ̀yàrun nígbà tí ó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ nínú bàálù bí ó ṣe ń kúrò ní Kánádà ní oṣù Keje ọdún 2022, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì fi ohùn kan gba irú ọ̀rọ̀ kan náà wọlé ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, lórí àbá tí Leah Gazan mú wá. Obìnrin aṣòfin kan náà mú àbádòfin wá ní ọdún 2024 láti sọ sísẹ́ ìtàn yìí di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n kò tíì di òfin tí wọ́n fi tú ilé náà ká ní ọdún 2025. Mo mọ ìrora tí ó mú un dá àbá náà, síbẹ̀ n kò rò pé àtìmọ́lé ni yóò mú bàbá ìdí tábìlì wa ṣí PDF.

Ìdìpọ̀ kẹfà àti àwọn Ìpè sí Iṣẹ́ 94, ìyẹn àwọn ohun tí ìgbìmọ̀ náà ní kí ìjọba àti àwọn mìíràn ṣe, ni mo ka kíákíá, nítorí pé orúkọ ìgbésẹ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀ ju ìtàn lọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìdáhùn àbúrò mi wà. Ìpè 58 ní kí Póòpù wá tọrọ àforíjì lórí ilẹ̀ Kánádà láàárín ọdún kan. Ọdún 7 ni ó gbà. Ìpè 80 ni ó bí ọjọ́ ìsinmi 30 oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n fi ń rántí ọ̀rọ̀ yìí. Ìpè 93 ní kí wọ́n tún ìwé tí wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà kọ kí ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí lè wà nínú rẹ̀. Ìpè 94, tí ó kẹ́yìn pátápátá, ní kí wọ́n fi àdéhùn àwọn onílẹ̀ sínú ìbúra ẹni tí ó fẹ́ di ọmọ ìlú, ó sì di òfin ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Àwa àlejò ni ìwé náà fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn tí ó kọ́ ahọ́n ọmọ wa lọ́jọ́ náà, láti inú ìwé yìí ni wọ́n ti gé e.

Bí ẹnì kan bá bi mí léèrè ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, n ò ní rán an sí ìdìpọ̀ kìíní. Ìwé kékeré kan wà tí ìgbìmọ̀ náà gbé jáde pẹ̀lú ìjábọ̀, ẹnu àwọn tí wọ́n là á já fúnra wọn ni wọ́n fi kọ ọ́: ọjọ́ tí wọ́n wá mú wọn, irun tí wọ́n gé, nọ́ńbà tí wọ́n fún wọn dípò orúkọ, àlòkù aṣọ, ẹkún òru. Òun ni mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò ìyàwó mi, ó sì ń kà á nínú ọkọ̀ ojú irin bí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn ni kí ó lọ tààrà sí ìdìpọ̀ kẹrin, lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe lórí fóònù.

Mo fi ìdìpọ̀ kẹrin náà ránṣẹ́ sí bàbá ìdí tábìlì wa, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé tí tábìlì yẹn wà. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó pè mí. Ó ṣì ní àwọn oníròyìn ń fẹ̀ ẹ́ lójú, n kò sì bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìdá 32 tí wọn kò kọ orúkọ wọn yìí, ṣé wọn kò mọ orúkọ wọn ni, àbí wọn kò kà á sí?" Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ka orí tí ó tẹ̀ lé e, kí wọ́n wá sọ èyí tí wọ́n bá rí níbẹ̀ fún mi.